Ilé adìẹ alágbèéká nígbà ọyẹ́: kí ni kí n bò, kí ni kí n ṣí sílẹ̀?

Olùkọ́ Afẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ. Mo ní adìẹ ẹlẹ́yin 60 tí mo pín sí ilé alágbèéká mẹ́ta, 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ilẹ̀ kan tí ó wà lẹ́yìn ìlú, lápá ọ̀nà tí ó lọ sí Ìlọrin. Káfíńtà ló kan àwọn ilé náà fún mi. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn wọn, 5 ni ìbú, páànù ni òrùlé, nẹ́ẹ̀tì onírin ló yí ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, nẹ́ẹ̀tì náà ni mo sì fi ṣe ilẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa bọ́ sórí koríko. Ẹsẹ̀ bárò méjì wà ní ìdí kan, ibi ìdìmú wà ní ìdí kejì, èmi àti ọmọ tí ń bá mi ṣiṣẹ́ ni a sì máa ń tì wọ́n síwájú ní àràárọ̀. Nígbà òjò, n kò ní àròyé kankan. Koríko tutù, adìẹ ń rí kòkòrò jẹ, inú ẹyin ń pọ́n bí ẹni pé a ta epo sí i.

Ọyẹ́ ọdún tó kọjá ló nà mí, kò sì kọ́ mi lọ́gbọ́n, nítorí títí di báyìí n kò mọ ibi tí mo ti ṣì í. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kíkankíkan ní ìparí oṣù Kejìlá, tí òwúrọ̀ tutù débi pé súwẹ́tà ni mo ń wọ̀ lọ sí oko, àánú àwọn adìẹ wọ̀nyí ṣe mí. Mo tẹ́ bébà àpò símẹ́ńtì sórí nẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gba ìsàlẹ̀ wọlé, mo ra tapólì tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù, mo fi bo ilé kọ̀ọ̀kan láti òrùlé dé ilẹ̀ ní alaalẹ́, mo sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Nítorí pé koríko ti gbẹ, n kò tún tì wọ́n kúrò lójú kan mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin tí mo ká tapólì kúrò, omi ń kán láti inú rẹ̀ bí ẹni pé òjò ló rọ̀ mọ́jú, òórùn tí ó sì tú jáde ta mí lójú débi pé mo ní láti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ojú wọn ti ń wú, wọ́n ń sín, ọ̀fun wọn ń dún bí wọ́n bá ti ń mí, mẹ́sàn-án sì kú. Àwọn aládùúgbò ní òtútù ló pa wọ́n, pé ohun tí mo fi bò wọ́n kò nípọn tó.

Ọmọ mi tí ó wà ní Kánádà gbọ́, ó sì fi àwòrán ilé adìẹ onítáyà kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ de ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wọn. Ògiri rẹ̀ jẹ́ pákó ìlọ́po méjì, fóòmù wà láàárín, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, gíláàsì ni fèrèsé, iná mànàmáná sì wà nínú rẹ̀. Mo fi han káfíńtà mi. Ó wò ó títí, ó ní ilé yìí dára ju èyí tí òun fúnra òun ń sùn sí lọ. Owó tí ó pè, ẹyin ọdún méjì kò lè san án. Kí n tó ta ohun tí kò yẹ kí n tà, mo ní kí n bi yín: ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ tiwa ń fẹ́? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí n bò, kí ni kí n sì ṣí sílẹ̀ nínú ilé tí mo ní yìí? Mo tún ń retí òròmọdìẹ 50 ní oṣù Kọkànlá, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá inú ilé kan náà ni mo lè kó wọn sí.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Awẹ́

Bàbá, ẹ kú àdánù o. Ọlọ́run yóò bù sí èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí: òtútù kọ́ ló pa wọ́n. Adìẹ tí ó ti dàgbà, tí ìyẹ́ rẹ̀ kún dáadáa, aṣọ òtútù rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo adìẹ ìbílẹ̀ tí ń wọ̀ sórí igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, tí ó ń sùn síbẹ̀ láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì. Ta ló ń fi tapólì bò ó? Ohun tí ń ṣe adìẹ inú ilé níbi ni kí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí há mọ́ ọn lọ́rùn, tàbí kí atẹ́gùn máa ṣí ìyẹ́ rẹ̀ lóru nígbà tí kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ sá fún ekejì lọ́dún tó kọjá, ẹ sì kó sọ́wọ́ ti àkọ́kọ́.

Ilé alágbèéká márùn-ún ni mo ní, gbogbo wọn ni mo sì ń tún ṣe nígbà tí òjò bá ti dá. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ọyẹ́ ti ń wá. Àríwá ìlà oòrùn ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Fún ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, apá Ìlọrin gan-an nìyẹn. Fún àwa tí a wà ní Awẹ́ àti Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ yín ló ti ń fẹ́ bọ̀ wá bá wa (ẹ má bínú, a kò fi bú yín). Ẹ̀yìn ilé, níbi tí adìẹ ń wọ̀ sí, ni mo máa ń kọ sí apá ibẹ̀. Mo ń fi pákó tàbí páànù àlòkù dí ẹ̀yìn náà láti ilẹ̀ títí yóò fi kọjá orí adìẹ tí ó wà lórí igi tí wọ́n ń wọ̀ sí nínú ilé ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1, ibẹ̀ ni mo sì ń dúró sí. Láti ibẹ̀ dé òrùlé, nẹ́ẹ̀tì lásán ni mo ń fi sílẹ̀, kí ooru àti èémí wọn lè rí ọ̀nà jáde. Ẹgbẹ́ méjèèjì, àpò ìrẹsì tí mo rán pọ̀ ni mo ń ta bò ó dé ìlàjì. Mo ń ká a sókè ní agogo 9 òwúrọ̀, nítorí oòrùn ọ̀sán inú ọyẹ́ kì í ṣeré, mo sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí adìẹ bá fẹ́ wọ̀. Iwájú ilé, n kì í dí i rárá.

Ní ti ilẹ̀ nẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má tẹ́ bébà sí i mọ́. Bébà ń mu omi, ó ń gba ìgbẹ́ dúró, ó sì ń jẹrà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Abẹ́ ibi tí wọ́n ń wọ̀ sí nìkan ni kí ẹ tẹ́ pákó sí, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé náà, kí ẹ sì da èèpo tí àwọn káfíńtà ń fá kúrò lára pákó sórí rẹ̀ kí ó ga tó ìka mẹ́rin. Kì í ṣe ìyẹ̀fun ayùn o. Ìyẹ̀fun ayùn á máa fò wọ̀ wọ́n lójú àti nímú, eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ sì ti tó wọn. Ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, tí mo ń fún un: bí ó bá lẹ̀ pọ̀ tí kò tú nígbà tí mo la ọwọ́, ó ti tutù jù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń kó o lọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Jámánì

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́. Ilé adìẹ onítáyà pọ̀ lórí pápá níbi tí mo ń gbé. Àwọn kan ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìẹ, tírákítọ̀ ni a sì fi ń fà wọ́n. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí irú oko bẹ́ẹ̀ fún ìgbà òtútù mẹ́ta, nítorí náà mo lè sọ ìdí tí ilé inú àwòrán yẹn fi rí bí ó ṣe rí.

Òtútù tí wọ́n kọ́ ọ dè kì í ṣe irú tiwa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, òru ọyẹ́ kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 15°C. Níbí, ó ń lọ sísàlẹ̀ òdo, ní ọ̀pọ̀ apá Kánádà sì rèé, ó lè fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọ ìsàlẹ̀ òdo. Omi tí a bù fún adìẹ ní ìdájí á ti dì gbagidi kí oòrùn tó ràn, nítorí náà a máa ń gbé ohun amúgbóná sábẹ́ ìkòkò omi, tàbí kí a máa gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ogbe adìẹ pàápàá lè kú mọ́ ọn lórí: etí rẹ̀ á dúdú, á gbẹ, á sì já bọ́. Àwọn tí ogbe wọn tóbi, bíi Leghorn, ni ó máa ń ṣe jù. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé ni pé inú ilé tí a dí pa ni ogbe ti tètè ń kú, nítorí pé ọ̀rinrin inú ilé ń bà lé ogbe, ibẹ̀ ló sì ń dì sí. Bàbá olóko tí mo bá ṣiṣẹ́ a máa wọ inú ilé náà lóru, a fi àtẹ́lẹwọ́ pa abẹ́ òrùlé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fi lè rin fún omi, a tún ṣí ojú afẹ́fẹ́ kan sí i lókè, bí òjò dídì tilẹ̀ ń bọ́ níta. Omi tí ẹ rí lábẹ́ tapólì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Adìẹ ń mí omi jáde, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgbẹ́ rẹ̀ tútù sì jẹ́ omi. Bí omi yìí kò bá rí ọ̀nà jáde, orí wọn ni yóò padà kán sí.

Ní ti iná mànàmáná, nítorí ẹyin ni. Ní oṣù Kejìlá, ojúmọmọ ní àríwá Jámánì kò pé wákàtí 8, bẹ́ẹ̀ sì ni adìẹ ẹlẹ́yin ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 kí ó tó lè yé déédéé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ tí ó kúrú jù lọ nínú ọdún ṣì ju wákàtí 11 àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà bí ẹyin yín bá dín kù nínú ọyẹ́, ẹ wo omi, oúnjẹ àti àìsàn kí ẹ tó wo iná. Ògiri onífóòmù ni kí ẹ má tilẹ̀ dán wò. Adìẹ kì í làágùn. Ẹnu ló ń là sílẹ̀ láti fi lé ooru jáde, bí ọ̀sán yín bá sì dé 34°C, ilé yẹn á sè wọ́n.

Ohun kan ni mo lè ní kí ẹ mú nínú àwòrán náà, kò sì ná yín lówó púpọ̀: igi tí wọ́n ń wọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá róbótó tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni káfíńtà fi síbẹ̀, ẹ ní kí ó yọ ọ́, kí ó fi pákó tú-báì-fọ́ọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí apá tí ó fẹ̀ kọjú sókè. Adìẹ á tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀, á jókòó lé e, ìyẹ́ ikùn rẹ̀ á sì bo gbogbo ìka ẹsẹ̀.

Àgbẹ̀ Arówómọlẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò. N kò rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn tó báyìí. Ẹ gbé ìkòkò èédú kan sábẹ́ ilé ní agogo 8 alẹ́, á máa ràn wọ́n lọ́wọ́ títí di ìdájí. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, adìẹ sì kún ilé wọn.

Oníṣègùn Ẹran, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n Arówómọlẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí. Ilé pákó ni Olùkọ́ ní, orí koríko gbígbẹ ló dúró sí, nínú oṣù tí igbó ń jó káàkiri. Ẹyinná kan ṣoṣo tí atẹ́gùn bá gbé ti parí iṣẹ́. Bí iná kò bá tilẹ̀ ràn, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí èédú ń tú jáde, lè pa adìẹ lójú oorun nínú ilé tí a bò, ó sì lè pa ẹni tí ó bá wọlé lọ wò wọ́n. Dípò kí ẹ gbé iná wá bá wọn, ńṣe ni kí ẹ ro àyíká ilé náà mọ́, kí ẹ sì kó ewé kaṣú gbígbẹ jìnnà síbẹ̀.

Olùkọ́, òórùn tí ó ta yín lójú yẹn ni gáàsì amóníà, ara ìgbẹ́ tí ó rin ni ó ti ń jáde. Irun tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú ọ̀nà èémí adìẹ tí ó ń gbá eruku àti kòkòrò àrùn jáde. Amóníà ni ó máa ń ba irun náà jẹ́. Ọyẹ́ ti kó eruku dé, afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ẹ wá mú ohun tí ì bá lé eruku náà jáde kúrò. Àrùn tí ó bá ń kọjá lọ yóò kàn wọlé ni. Àyẹ̀wò nìkan ni ì bá sọ èwo nínú àwọn àrùn èémí ni ó mú wọn, ìdí sì nìyẹn tí ó fi dára kí ẹ gbé òkú adìẹ kan tí kò tíì pẹ́ wá bá oníṣègùn, kí ẹ má kàn sin ín. Ẹ fi imú tiyín ṣe òṣùwọ̀n: ní òwúrọ̀, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí orí yín dọ́gba pẹ̀lú ti adìẹ, kí ẹ fa èémí. Bí ó bá ti ta yín nímú, ó ti pọ̀ jù fún wọn.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù nínú ohun tí ẹ kọ ni pé ẹ kò mẹ́nu kan àjẹsára. Lúkúlúkú, àrùn adìẹ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle, kì í sinmi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀; àsìkò rẹ̀ nìyẹn gan-an. Ara adìẹ ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àjẹsára tó mú, nítorí náà kì í ṣe ìgbà tí ètè bá ti ń bó ni a ń wá a kiri. Àwọn 51 tí ó kù, ẹ fún wọn ní Lasota, àjẹsára Lúkúlúkú tí a ń pò mọ́ omi mímu, ṣáájú ìparí oṣù Kọkànlá. Omi kànga ni kí ẹ fi pò ó, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí a ti fi oògùn sí. Ẹ gba omi kúrò níwájú wọn fún bíi wákàtí kan sí méjì lówùúrọ̀ kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí ẹ sì rí i pé wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Adìẹ tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ má fún un.

Òròmọdìẹ kò gbọdọ̀ wọ ilé alágbèéká ní oṣù Kọkànlá rárá. Ohun tí Ìyá Ẹlẹ́yin sọ nípa aṣọ òtútù, àgbà adìẹ ló kàn. Irun múlọ́múlọ́ ni ó wà lára òròmọdìẹ, òtútù òru 20°C sì lè pa á. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tí wọ́n ń fẹ́ wà láàárín 32 sí 35°C, a sì máa ń dín in kù ní nǹkan bí 3°C lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú yàrá ni kí ẹ ti tọ́ wọn títí ìyẹ́ wọn yóò fi kún, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ kò nílò ohun tí a fi ń wọn ooru bí ẹ bá ní ojú láti wò wọ́n: bí wọ́n bá gbá jọ, tí wọ́n ń ké, tí wọ́n ń gun ara wọn, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá mọ́ ògiri tí wọ́n sì la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti oṣù Kọkànlá, àárín ọyẹ́ ló máa bọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, oṣù Kejì ni mo máa ní kí wọ́n kó wọn wá.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Awẹ́

Ẹ ṣeun, Dókítà. Òótọ́ ni, àgbà adìẹ ni mo ní lọ́kàn. Ohun méjì ni mo gbàgbé. Bí koríko tilẹ̀ ti gbẹ, ẹ má dá ilé dúró lójú kan. Ọjọ́ méjì-méjì ni mo ń ti tèmi síwájú nígbà ọyẹ́, nítorí ìgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ ilé kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ sì bo omi wọn lórí, kí ẹ ṣẹ́ ihò tí orí adìẹ nìkan lè gbà síbẹ̀. Adìẹ ẹlẹ́yin kan a máa mu tó ìdá kan nínú mẹ́rin lítà lójúmọ́, á sì jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú. Bí eruku bá ti sọ omi náà di ẹrẹ̀, kò ní mu ún tó, ẹyin ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tí ẹ dí ti tó, ẹ ya ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn onípiọ́-wọ́tà fi ń di ẹrù, ẹ so ọ̀kan mọ́ ibi tí àyà adìẹ máa ń wà lórí igi, ẹ so ìkejì mọ́ abẹ́ òrùlé. Ẹ lọ wò ó lóru. Ti òkè gbọ́dọ̀ máa mì. Ti ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mì.

Olùkọ́ Afẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ní kí ọmọ mi má bínú, pé ilé Kánádà yóò dúró ní Kánádà. Ẹni tí ó fẹ́ tà mí ní òròmọdìẹ náà ti gbà kí ó di oṣù Kejì, bí ó tilẹ̀ kùn díẹ̀. Àjẹsára, Dókítà, òótọ́ ni pé mo fi ṣeré. Èyí tí wọ́n gbà kí n tó rà wọ́n ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gba òmíràn.

Mo ti yí ẹ̀yìn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí apá Ìlọrin. Páànù àlòkù tí mo ṣí kúrò lórí ilé ìdáná àtijọ́ ni a fi dí wọn, tú-báì-fọ́ọ̀ sì ti wà níbẹ̀. Ní alẹ́ àná, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wo ọ̀rá tí Ìyá Ẹlẹ́yin sọ. Ní ilé kìíní àti ìkejì, ti abẹ́ òrùlé ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ti ìsàlẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ kan tí kò tilẹ̀ la ojú wò mí. Ní ilé kẹta, ti ìsàlẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo rí i pé páànù ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan pákó ilẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kan lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo ti fi àkísà dí i fún òru, káfíńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.